Ẹ gbà mí o, mo fẹ́ gbé rẹ́jísítà láàbù mi sórí kọ̀ǹpútà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

IyaLaabu_Akure

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ní láàbù kékeré kan níbí ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí Gáréèjì Iléṣà, àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, èmi, ọmọbìnrin kan tá a jọ ń ṣe àyẹ̀wò, àti ọmọkùnrin kan tó ń gba orúkọ níwájú tó sì ń gbowó. Láti 2014 tá a ti ṣílẹ̀kùn, rẹ́jísítà la fi ń kọ gbogbo ẹ̀, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle yẹn, ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan fún ìtọ̀ àti ìgbẹ́, ọ̀kan fún ibà àti Widal, àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù yẹn, ti HIV wà lọ́tọ̀ tí mo máa ń tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Wọ́n ti pé mọ́kànlélógún báyìí, inú páálí lábẹ́ tábìlì ni wọ́n wà.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ eléyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó ní òun ṣe jẹ́nótáìpù lọ́dọ̀ wa lọ́dún 2017, ìwé ẹ̀ ti sọnù, ọmọ tóun fẹ́ fẹ́ ń béèrè, ṣọ́ọ̀ṣì náà ń béèrè. Mo ní kó jókòó. A wá ìwé 2017 títí, ìgbà tá a máa fi rí i, ìkán ti jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn wá dé àárín, oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ti di iyẹ̀pẹ̀. Ó ní oṣù keje lòun wá. Mo bá a ṣe òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, ó jáde AS, ó ní irọ́ ni, AA ni wọ́n kọ fóun nígbà yẹn. Ẹ gbọ́, mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ṣé àwa la ṣe àṣìṣe ni, àbí òun ló gbàgbé, àbí èsì ẹlòmíì ni wọ́n kó fún un, kò síbi tí mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n mọ́.

Mo wá pinnu pé kọ̀ǹpútà ló kù. Ẹnì kan tó ń ta sọ́fúwíà wá, owó tó pè tó maikirosíkóòpù méjì, á tún máa gba tiẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn kan ní Excel náà ti tó. Iná ò sì dúró lójú kan lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé mo máa tẹ gbogbo ti 2014 wọlé ni?

Alaye_Excel

Ẹ pẹ̀lẹ́ àǹtí, ti ìkán yẹn dùn mí. Èmi fúnra mi kì í ṣe onímọ̀ láàbù o, mo kàn ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ní láàbù nítòsí Ọjà Ọba tẹ nǹkan ni, ó ti tó ọdún mẹ́rin, Excel la sì ń lò. Excel dáa. Bó bá di ìparí oṣù tí wọ́n ní àwọn tó ní ibà jẹ́ mélòó, ìṣẹ́jú kan ni, nínú rẹ́jísítà ẹ máa fi ọ̀sán gbáko kà á, ẹ máa kà á lẹ́ẹ̀mejì, iye méjèèjì ò sì ní bára mu.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mo tẹ Widal ẹnì kan, 1/80, mo tẹ Enter, mo gbójú sókè ó ti di Jan-80. Mo ní ọwọ́ mi ló ṣì. Mo tún un tẹ̀, Jan-80. Mo tẹ 1/160, ìyẹn dúró bó ṣe wà. Àṣé ó rò pé oṣù kìíní ọdún 1980 ni mo ń wí, kò sì sí ọdún 160 nínú kàlẹ́ńdà tiẹ̀ torí 1900 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ló bá fi ìyẹn lọ́rùn sílẹ̀. Ti ìtọ̀ wá burú jù, pus cells (sẹ́ẹ̀lì ọyún) 2-4, ó sọ ọ́ di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, bí kọ̀ǹpútà yín bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n tò lọ́nà Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ló máa kà á sí. Ẹ ò ní fura torí 20-30 kì í yí padà, àwọn kéékèèké yẹn nìkan ló ń sọ di ọjọ́ oṣù. Nọ́ńbà fóònù náà, 0803 ẹ tẹ̀, 803 lẹ máa bá níbẹ̀, ó ti gé òdo iwájú jẹ.

Oògùn ẹ̀ rọrùn, ẹ kàn gbọ́dọ̀ lò ó KÍ Ẹ TÓ tẹ nǹkan kan: ẹ mú gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù yẹn, ẹ lọ síbi Format Cells, ẹ mú Text. Mo ní kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o. Tó bá ti di Jan-80 tán tẹ́ ẹ wá ń yí i sí Text, 29221 lẹ máa rí. Mo rí 29221 yẹn lára Widal èèyàn mọ́kànlá lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lé mi lọ ilé.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ kọ òṣùwọ̀n sórí kọ́lọ́ọ̀mù ṣúgà. Ẹnì kan lọ́dọ̀ wa ń kọ mmol, ẹnì kejì tó wá láti ibòmíì ń kọ mg/dL, ni ẹ wá bá 7 àti 126 lábẹ́ ara wọn, ohun kan náà sì ni wọ́n, torí bẹ́ ẹ bá fi 18 sọ 7 di púpọ̀ 126 lẹ máa rí. Aláìsàn tó wo ìwé ẹ̀ tó rí 126, tó rántí pé 6 ni tẹ́lẹ̀, orí ẹ̀ á kọ́kọ́ fò.

Agba_Laabu

Ẹ̀yin ọmọ yìí, kọ̀ǹpútà ṣáá lẹnu yín. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ẹ̀rọ kankan tó wọ láàbù, ìwé kì í wá iná, ìwé kì í ní fáírọ́ọ̀sì. Ìkán jẹ ìwé yín torí ilẹ̀ lẹ gbé e sí, ta ló ń gbé rẹ́jísítà sílẹ̀? Ẹ kan pẹpẹ.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ ò rò. Nínú rẹ́jísítà bí mo bá ṣi èsì kọ, ìlà kan ni mo máa fà lé e, èyí tó ṣì náà á ṣì hàn, mo kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo kọ déètì. Nínú Excel, ọmọ tẹ́ ẹ gbà síṣẹ́ lánàá lè pa AS rẹ́ kó kọ AA, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹni tó wá fún ìyàwó yẹn lẹ ń sọ, ṣé ẹ mọ iye èèyàn tó ń wá bẹ̀ wá pé ká bá àwọn yí S sí A?

Àti pé bébà dídán tí ẹ̀rọ full blood count, ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ń pọ̀ jáde yẹn, kó tó ọdún kan á ti ṣá, ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú ẹ̀ mọ́. Kí àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́nú fáìlì láì ṣe fótókọ́pì ẹ̀ jáwọ́.

OmoEkimogun

Ẹ kú àgbà o bàbá, òótọ́ pátápátá lẹ sọ lórí fífa ìlà yẹn. Ọsibítù ìjọba kan ní ìlú Oǹdó ni mo wà, ní láàbù, a ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà láti bí ọdún díẹ̀, èmi lè sọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Àǹtí, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ná. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ lọ wo rẹ́jísítà yín báyìí, báwo lẹ ṣe ń fún èèyàn ní nọ́ńbà? Bẹ́ ẹ bá jẹ́ bíi tiwa nígbà yẹn, ìwé ẹ̀jẹ̀ ní 1, 2, 3 tiẹ̀, ìwé ìtọ̀ ní tiẹ̀, bó bá di oṣù tuntun a tún bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ìyẹn ni pé èèyàn kan tó ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta lọ́jọ́ kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, àwọn èèyàn bíi méjìlá láàárín ọdún sì ń jẹ́ nọ́ńbà 45. Bẹ́ ẹ bá gbé irú ẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà, wàhálà yẹn náà lẹ gbé wọlé, ó kàn máa yára sí i ni. A wá ṣe é báyìí pé kí ẹni kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ò ní yí padà láéláé, kódà bó bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí sáńpù tó bá mú wá lọ́jọ́ náà wá ní nọ́ńbà tiẹ̀ lọ́tọ̀, bíi A25-00317, ọdún ló tẹ̀ lé lẹ́tà, kò ní padà sí 1 àfi ní January. Ẹ fi lẹ́tà síwájú ẹ̀, ẹ má fi ìlà dídagun (/) sí i, torí Alaye_Excel ti sọ ohun tí Excel ń fi ìlà dídagun ṣe. Nọ́ńbà yẹn lẹ máa kọ sára ìgò, lára fọ́ọ̀mù, lára èsì, KÍ sáńpù tó kúrò níwájú ẹni tó ni ín. Ibi tí èsì ti ń pààrọ̀ ọwọ́ nìyẹn, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ibẹ̀ náà ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin yín ti ṣẹlẹ̀, mi ò lè búra ṣá.

Orúkọ ò ṣeé gbára lé. Ní Oǹdó níbí Akin ló pọ̀ jù, Akinwálé mẹ́ta lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ká tún wá sọ ti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ẹnì kan á kọ Olasehinde, ẹlòmíì Olaseinde, ọmọ tó ń gba orúkọ á kọ Olashehinde, bẹ́ ẹ bá wá a lórí kọ̀ǹpútà á ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Obìnrin á wá lọ́dún yìí gẹ́gẹ́ bí mìíìsì, lọ́dún tó ń bọ̀ ó ti gba orúkọ ọkọ. Nítorí náà ẹ gba ọjọ́ ìbí, ẹ gba nọ́ńbà fóònù, ẹ gba àdúgbò. Ẹ má sọ pé wọn ò ní gbà, bẹ́ ẹ bá ṣàlàyé wọ́n á sọ.

Nọ́ńbà fóònù yẹn kì í ṣe fún àṣehàn o. Ẹ mọ̀ pé ìpínlẹ̀ wa wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ yẹn ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ẹni tó ń bójú tó ìfitónilétí àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ wá bá wa, wọ́n ní ẹnì kan tí wọ́n ti rí Lassa lára ẹ̀ kọ́kọ́ wá ṣe àyẹ̀wò ibà lọ́dọ̀ wa, ta ló gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, àwọn wo ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn tó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pàdé. A ṣí rẹ́jísítà, ohun tó wà níbẹ̀ ni "Male, adult, MP ++", ìyẹn ọkùnrin, àgbàlagbà, a rí kòkòrò ibà. Kò sí àdúgbò, kò sí fóònù, àwọn méjì ló sì tẹ̀ léra wọn tí wọ́n jẹ́ "Male, adult". Ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá wa gbà láti ra kọ̀ǹpútà.

Lórí ti 2014, ẹ má dán an wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kan, ẹ ṣe rẹ́jísítà àti kọ̀ǹpútà pa pọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Á sú yín, mo sọ fún yín tẹ́lẹ̀, torí iṣẹ́ ti di méjì, ọmọ tó wà níwájú á máa kùn. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ ò ní dá ẹnikẹ́ni padà sílé. Èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ tẹ̀ lára àtijọ́ ni jẹ́nótáìpù àti blood group nìkan, torí àwọn méjèèjì yẹn kì í yí padà, àwọn lèèyàn sì ń padà wá béèrè. PCV, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, ti ọdún 2015 kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Tisa_Kompu

Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, ní Àkúrẹ́ níbí náà, ẹ jẹ́ n dá sí i díẹ̀.

Bàbá ò purọ́ lórí Excel. Kì í ṣe láàbù kéékèèké nìkan ló ń já kulẹ̀. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá 2020 tí Kòrónà ń jà, èsì 15,841 já bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ìlera aráàlú ní England, odindi England o, torí wọ́n ń da èsì láàbù sínú fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní xls, tí ò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Tó bá ti kún, èyí tó kù á kàn dà sílẹ̀, kò ní pariwo. Àwọn tí wọ́n ní àrùn yẹn gbọ́ èsì tiwọn, àmọ́ àwọn tí wọ́n ti fara kàn ni wọn ò tètè wá kàn. Excel ìsinsìnyí ń gba 1,048,576, bí àǹtí bá ń gba àádọ́ta èèyàn lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọdún 67 ni kó tó kún, ìyẹn ò gbọdọ̀ kó ìdààmú bá yín. Mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í kìlọ̀ ni.

Èyí tí bàbá sọ nípa pípa nǹkan rẹ́, ibẹ̀ gan-an ni sọ́fúwíà tí wọ́n dìídì ṣe fún láàbù fi yàtọ̀. Oníkálukú á ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tiẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá yí èsì padà, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ló yí i, láago báyìí, kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlà tí bàbá ń fà yẹn náà ni. Kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá ta maikirosíkóòpù. Ọ̀fẹ́ wà níta: OpenELIS wà, wọ́n ti lò ó ní Côte d'Ivoire àti Haiti, BLIS wà tí àwọn Georgia Tech ní Amẹ́ríkà bá àwọn láàbù ilẹ̀ Áfíríkà ṣe, wọ́n lò ó ní Cameroon àti Ghana, SENAITE náà wà, ara Bika tí wọ́n ṣe ní South Africa ló ti yọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n o, àmọ́ ẹ máa nílò ẹni tó máa bá yín gbé e kalẹ̀, tẹ́ ẹ sì máa rí pè tó bá dákú. Ibẹ̀ lowó wà. Bẹ́ ẹ bá máa fún ẹni tó ń ta tiẹ̀ yẹn lówó, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: ọjọ́ tá a bá pínyà, ṣé màá rí gbogbo èsì mi kó jáde sínú fáìlì tí nǹkan míì lè ṣí? Bó bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu, ẹ sá.

Iná: lápútọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ń jókòó sórí tábìlì, bátìrì ẹ̀ fúnra ẹ̀ á gbé yín fún wákàtí mélòó kan, bẹ́ ẹ bá ní íńfátà kékeré tó ń gbé fíríìjì rièjẹ́ǹtì, ìyẹn kẹ́míkà àyẹ̀wò yín, á gbé e láì mọ̀. Ẹ má so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń hanrannrun láìsí ohun tó ń mú iná dúró lójú kan láàárín.

Ẹ̀dà ńkọ́? Mẹ́ta. Ọ̀kan nínú lápútọ́ọ̀pù, ọ̀kan nínú dúráìfù tẹ́ ẹ máa ń gbé lọ sílé lálaalẹ́, ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti fi páswọ́ọ̀dù tì. Mo mọ ẹnì kan tó ń ṣe ẹ̀dà sórí fláṣì déédéé, inú báàgì lápútọ́ọ̀pù ló ń fi fláṣì náà sí. Olè gbé báàgì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù kẹ́ ẹ ṣí ẹ̀dà yẹn wò lórí kọ̀ǹpútà míì, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń ṣí. Fláṣì yẹn ò sì gbọdọ̀ fojú kan káfẹ̀ o, ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ń gbé.

Nosi_Tope

Ẹ má bínú, mo ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀ láti òkè. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Àwọn láàbù kan máa ń ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, orúkọ èèyàn márùn-ún míì á máa hàn nínú fọ́tò náà. Mo ti rí i rí, ọ̀kan lára àwọn márùn-ún yẹn sì jẹ́ aládùúgbò mi, mo mọ ohun tí ò yẹ kí n mọ̀. Láti 2023 ni òfin tó dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára èyí tó le jù nínú ẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 náà ti sọ ọ́ pé àṣírí ni, òfin ti HIV jáde lọ́dún yẹn kan náà. Àǹtí, rẹ́jísítà HIV tẹ́ ẹ ń tì sínú dúrọ́ọ̀ yẹn, bó bá wọ kọ̀ǹpútà kó ní dúrọ́ọ̀ tiẹ̀ níbẹ̀, kí ọmọ tó ń gbowó má lè ṣí i.

IyaLaabu_Akure

Mo ti padà dé o, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́, àtàtà ni gbogbo yín, Bàbá, mo ti kan pẹpẹ.

Mo ra lápútọ́ọ̀pù àlòkù kan, Excel la fi bẹ̀rẹ̀ ná, Text ni mo kọ́kọ́ sọ gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù dà, mi ò tíì rí January kankan. Tisa_Kompu, mo máa kọ sí yín lórí ti BLIS yẹn bí ọdún bá yí. OmoEkimogun, ẹ̀yin lẹ ṣe mí lóore. Mo lọ wo nọ́ńbà wa bẹ́ ẹ ṣe wí, ọ̀rọ̀ ò kan 2017 rárá, lóṣù tó kọjá yìí gan-an èèyàn méjì ló jẹ́ 418 nínú ìwé ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ kan náà, ìkọ̀wé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọbìnrin wa gba sáńpù lápá kan, èmi gba lápá kejì, oníkálukú wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn ó fi ọ̀kan kún un. Mo pe àwọn méjèèjì, wọ́n wá tún ṣe é, èsì wọn ò yí padà, Ọlọ́run ló yọ mí. A ti ń kọ nọ́ńbà lé ìgò níwájú ẹni tó ni ín báyìí. Jẹ́nótáìpù àtijọ́, mo ti tẹ̀ dé 2016.

Ẹ wá dákun, ìbéèrè kan ló kù. Àwọn ìyá ọjà ò fẹ́ sọ orúkọ. Bí mo bá ní "orúkọ yín ńkọ́ mà", "Ìyá Bọ́sẹ̀" ni, mo ní orúkọ tó wà lórí NIN, ó ní Ìyá Bọ́sẹ̀ náà ni kí n kọ, gbogbo ọjà ló mọ òun. Ìyá Bọ́sẹ̀ mẹ́rin ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi báyìí. Kí ni mo máa ṣe?

OmoEkimogun

Ha ha, àǹtí, mẹ́rin péré? Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún un, ẹ pè é ní "orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí", Ìyá Bọ́sẹ̀ á wọ ibẹ̀, kò sí ìjà. Lẹ́yìn náà ẹ wá bi í pé tó bá fẹ́ kí dókítà gba ìwé yìí lọ́wọ́ ẹ̀, orúkọ wo ló wà lórí káàdì ọsibítù ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ìyẹn kíá. Bí ò bá ní káàdì, ẹ béèrè fóònù ẹ̀, kẹ́ ẹ fi pè é níwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó dún, torí àwọn kan ń sọ nọ́ńbà Bọ́sẹ̀ fúnra ẹ̀.

Agba_Laabu

Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà náà.